Ẹ̀kọ́ Mẹ́jọ Nínú Káàdì Kan

"Tún un tẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, Ọ̀gá."

"Mo ní kó o tún un tẹ̀!"

Ó tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri bó ṣe dúdú nígbà àkọ́kọ́. Orúkọ ẹ̀kọ́ kẹta wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Ó ṣí ẹ̀kọ́ kẹrin, ó ṣí ìkarùn-ún, ó ṣí wọn títí dé ìkẹjọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àfi bí ìwé orúkọ kíláàsì tí orúkọ pé sínú rẹ̀, tí kò sì sí ọmọ kankan lórí ìjókòó.

Àǹtí Oníkámẹ́rà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yìí. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń bá Ọ̀gá ya fídíò, nínú yàrá kan tí wọ́n gbé pátákó sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé "Ojú Tí Kì í Gbàgbé." Ó ti ya ìgbéyàwó, ó ti ya òkú, ó ti ya ìpàdé àwọn onílé tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn. Ṣùgbọ́n fídíò tó wà níwájú rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí kì í ṣe ti ìnáwó. Ti ìnáwó bá bàjẹ́, àwọn tó wá jẹun á ṣì máa ròyìn rẹ̀. Ti Màmá Sísọ́ọ̀sì ni.

Aránṣọ ni Màmá Sísọ́ọ̀sì. Ogójì ọdún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ aṣọ gígé, ẹnu ló sì fi ń kọ́ wọn ju ọwọ́ lọ. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni kókó kan jáde sí i lọ́fun. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn máa yọ kókó náà, àwọn á sì yọ ibi tí ohùn ti ń jáde mọ́ ọn. Ẹ̀mí rẹ̀ á wà, ohùn rẹ̀ á lọ. Àárọ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Màmá kò sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ fún Àǹtí Oníkámẹ́rà kò ju èyí lọ: "Ọwọ́ mi ṣì wà. Ẹ bá mi gba ohùn mi sílẹ̀. Èmi á máa gé aṣọ níwájú àwọn ọmọ, tẹlifíṣọ̀n á máa bá mi sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ya á. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, láti orí bí a ṣe ń wọn ara títí dé orí bí a ṣe ń fi kọ́là sọ́rùn aṣọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ohùn ìyá náà ti ń han bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tó rí epo. Ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó tán! Kí ọ̀bẹ dókítà máa bọ̀."

Wàyí o, ẹ̀kọ́ kìíní nìkan ló wà nínú káàdì, àti ìdajì ẹ̀kọ́ kejì.

Káàdì ńlá ni wọ́n lò. Márùn-ún ni Ọ̀gá rà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, tí wọ́n ń dán gbinrin nínú ọ̀rá. Gígì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ó lè gbà. Ọ̀gá ní kò sí pé à ń yọ káàdì, à ń ki káàdì mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo á gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Kí a má purọ́, inú Àǹtí Oníkámẹ́rà náà dùn sí i. Ó rò ó pé ìyá tí ọ̀fun ń dùn kò yẹ lẹ́ni tí à ń dá dúró láàárín ọ̀rọ̀ torí pé káàdì kún.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí òun náà ti bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí, kò jẹ́ gba irú ẹ̀. Tí káàdì tuntun bá dé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, á gbé kámẹ́rà kọjú sí ògiri, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí káàdì á fi kún dẹ́nu, á wá jókòó wo ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wo fíìmù ògiri. Nígbà tí Àǹtí ní òun fẹ́ fi ògiri kún káàdì ńlá yìí, ẹ̀rín ni Ọ̀gá rín.

"Káàdì tó tóbi tó báyìí? Ta ló ráyè jókòó ti ògiri ní odidi ọjọ́ kan? Nǹkan tuntun ni, inú ọ̀rá ló ti jáde. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ jàre."

Ó sì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń ṣí ẹ̀kọ́ kìíní wò, torí òfin Ọ̀gá ni pé bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti dára, ìyókù dára. Ìbẹ̀rẹ̀ dára lóòótọ́. Ó dára ní ọjọ́ kìíní, ó dára ní ọjọ́ kejì, ó dára ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tó ní kí òun dà á sínú kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà ti kún, kó jẹ́ kó wà nínú káàdì, ṣebí torí ẹ̀ la ṣe ra ńlá. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ Màmá Sísọ́ọ̀sì pè, tó ní òun fẹ́ wo ẹ̀kọ́ kẹta díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra lọ sílé ìwòsàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tú síta nìyẹn.

Ó fi kọ̀ǹpútà wọn inú káàdì náà. Kò ju gígì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kó fún un lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ló fi ń gbà á, kò gbà á sínú.

"Ọ̀gá, ayédèrú ni. Wọ́n purọ́ sára rẹ̀."

Ọ̀gá fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Bó ṣe ṣe níjọ́sí náà nìyí," ló kùn.

Àǹtí Oníkámẹ́rà yí àga rẹ̀ padà. "Níjọ́sí wo?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà tó wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá, níjọ́sí wo?"

"Ti ilé ìwé yẹn ni. Ayẹyẹ àṣekágbá wọn."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n lé Ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí fídíò ilé ìwé kan. Ọ̀gá dúró láàárín yàrá yìí lọ́jọ́ náà, ó ní Ẹ̀gbọ́n ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, pé àgbà ti ń dé sí i, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé òun kò pa nǹkan kan rẹ́, pé kí wọ́n yẹ káàdì tuntun tí Ọ̀gá kò jẹ́ kí òun fi ògiri dán wò náà wò. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ́ wò. Àǹtí Oníkámẹ́rà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì mirí bí àwọn tó kù ṣe mirí.

"Ẹ mọ̀," ló wí. "Ẹ mọ̀ pé káàdì yìí ò dára, ẹ lé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ tún wá fún mi ní ìkejì rẹ̀ kí n gbé e lọ bá ẹni tó fẹ́ pàdánù ohùn!"

"Mo rò pé ọ̀kan péré ló bàjẹ́! Ọ̀kan nínú márùn-ún, ta ni kì í ṣẹlẹ̀ sí?" Ọ̀gá fa àga, ó jókòó tì í, ó sì rọ ohùn sílẹ̀. Tí irọ́ bá ti fẹ́ wọlé ni ó máa ń pe èèyàn ní àbúrò. "Gbọ́, àbúrò mi. Aago mẹ́rin ni ìyá yẹn ń wọ ilé ìwòsàn. Ṣé irú ìròyìn yìí ló yẹ ká gbé ko aláìsàn lójú? Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á ru. Jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sọ pé iná ló bà á jẹ́. Nígbà yẹn, kò kúkú ní lè pariwo lé wa lórí."

Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i.

Èèyàn á gbọ́ burúkú, á gbọ́ rere láyé. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Inú bí Àǹtí Oníkámẹ́rà débi pé ó dìde lórí àga. Ó bínú sí Ọ̀gá, ó bínú sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń tẹ òǹkà èké sára káàdì, ó sì bínú sí ara rẹ̀, ẹni tó mọ bí a ṣe ń wo ògiri tí kò sì wò ó.

"Ọ̀gá, ohùn ìyá yẹn ṣì wà lọ́fun ẹ̀ di àárọ̀ ọ̀la. Ìròyìn tó lè ṣe é láǹfààní lónìí, ẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí kò ní wúlò fún un mọ́. Ẹ ò ṣàánú ẹ̀ rárá. Ariwo lẹ̀ ń sá fún."

"Ibo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sọ fún un."

"Tó o bá fi jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, o ò níṣẹ́ níbí mọ́! Mo sọ fún ẹ!"

Obìnrin náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ó fa kámẹ́rà kékeré kan yọ. Tirẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n ló fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kámẹ́rà ayé àtijọ́ ni, tí kì í gba káàdì tó ju gígì méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Tí wọ́n bá ki èyí tó jù bẹ́ẹ̀ sí i, á kọ̀ jálẹ̀. Ó tún gbé agolo bisikíìtì kan tí Ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀. Káàdì gígì mẹ́jọ-mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, bébà kékeré lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀wé Ẹ̀gbọ́n sì wà lára gbogbo bébà náà: "Mo ti wò ó tán." Ó ti káàdì ńlá náà bọ àpò.

"Káàdì mi nìyẹn!" ni Ọ̀gá ké.

"Ẹ̀kọ́ kìíní wà nínú ẹ̀, kì í ṣe tiyín." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá kúrò lára ìdè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó fi í lélẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó dé ìdí pátákó ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ojú tí kì í gbàgbé. Ẹ kú ìrántí o."

Nínú ọkọ̀, ó pe Ẹ̀gbọ́n. Kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó burú jù. "Ẹ̀gbọ́n, káàdì ni. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ọkùnrin náà ní, "Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Agolo mi ńkọ́?" Àǹtí ní ó wà lọ́wọ́ òun. "Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì pa fóònù.

Aago mọ́kànlá ti lé díẹ̀ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Sísọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi aṣọ bo àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ. Báàgì ilé ìwòsàn wà nílẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn. Màmá jókòó nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń gé aṣọ, tépù wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ojoojúmọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń ká aṣọ ìnura.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Olójú gbogbo-ń-rí," ni Màmá kí i padà. Ohùn rẹ̀ há, ó sì ń já díẹ̀díẹ̀. "Ṣé o gbé tẹlifíṣọ̀n mi dé?"

Àǹtí Oníkámẹ́rà kúnlẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìn yọ. Ó ní káàdì náà kì í ṣe ojúlówó, pé ẹ̀kọ́ kan àti ààbọ̀ péré ló kù, pé Ọ̀gá ní kí òun má sọ ọ́ di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Ó yọ káàdì ńlá náà, ó gbé e ka orí tábìlì.

Ọmọ Màmá sọ aṣọ ìnura nù. "Kí lo wí? Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi fi tu ẹ̀jẹ̀ sínú bébà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ fi káàdì jìbìtì gbà á? Ọ̀gá ẹ dà? Mo máa lọ bá a níbẹ̀ nísinsìnyí! Mo máa fọ́ gbogbo kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan! Ìwọ náà, kí lojú ẹ ń wò láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀kọ́ kìíní nìkan ni mò ń ṣí wò, Àǹtí mi. Ẹ̀bi mi ni."

Màmá na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó mú káàdì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e jìnnà sójú kó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Omi ń kóra jọ sí i lójú. Ó fi káàdì náà sílẹ̀, ó sì fi rúlà onígi na tábìlì, gbàà! Àwọn obìnrin méjèèjì fò.

"Kí ni mo máa ń sọ fún ọmọ tó bá fẹ́ gé aṣọ oníbàárà?" ló bi Àǹtí Oníkámẹ́rà.

"Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Màmá."

"O gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìwọ lo mú kámẹ́rà dání tí mo fi sọ ọ́. O ò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan!" Inú ń bí i gidi, kò sọ pé kò sí wàhálà, torí wàhálà wà. Ó mí, ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun. "Ṣùgbọ́n o wá. Ọ̀gá rẹ ì bá jẹ́ kí n gbé ara mi fún ọ̀bẹ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ òfìfo. Dìde nílẹ̀. Aago mélòó ni?"

"Mọ́kànlá ààbọ̀."

"Ohùn wákàtí méjì ló kù sí mi lára, bó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ò lè ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́fà."

"Màmá, dókítà ní kẹ́ ẹ sinmi," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Láti ọ̀la lọ, ta ló máa sinmi ọ̀rọ̀ jù mí lọ?" Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sórí tábìlì. "Bí a ṣe ń fa ìlà, ọwọ́ mi á máa fà á, wọ́n á rí i. Bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, wọ́n á rí i. Ohun tí ọwọ́ ò lè sọ ni ká gbà. Èébú mi ni ká gbà."

"Èébú, Màmá?"

"Ohun tí mò ń sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ṣe é tí kò dára. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbé kámẹ́rà rẹ síbẹ̀ yẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Oníkámẹ́rà ò tíì rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ìbínú ọjọ́ náà ni Màmá gbé lé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀. "Ìwọ tí o gé ọrùn kó o tó wo èjìká, fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀! Mo ní kó o fi í sílẹ̀! Ọrùn aṣọ kékeré ṣeé fẹ̀. Èyí tó bá ti fẹ̀ jù, ta ló fẹ́ bá ọ dín in kù?" Ọmọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ó ń fi aṣọ ìnura bo ẹnu. Òun náà ti jẹ èébú yẹn rí.

Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, káàdì kìíní kún. Àǹtí Oníkámẹ́rà ní kí Màmá dúró. Ó yọ ọ́, ó kọ "ọrùn àti èjìká" sára bébà rẹ̀, ó ki òmíràn. Màmá fi àkókò yẹn mu omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó dijú díẹ̀. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Káàdì ńlá tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kó dúró ló fa ọ̀fun rẹ̀ ya. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ló ń jẹ́ kó mí.

Káàdì kẹta ti ń lọ sópin nígbà tí fóònù ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí àga. Àǹtí Oníkámẹ́rà dá kámẹ́rà dúró. Ọ̀gá ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá Màmá sọ̀rọ̀, pé àṣìṣe ni, pé ọmọ iṣẹ́ òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ gbà, Màmá!" Ọmọ rẹ̀ na fóònù náà sí i. "Ẹ sọ̀rọ̀ sí i lára! Ẹ sọ gbogbo ẹ̀!"

Màmá wo fóònù náà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níkùn rẹ̀ tó lè mú kí Ọ̀gá ká pátákó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí.

"Èyí tó kù kò tó èyí tí mo máa fi ṣòfò lórí rẹ̀," ló wí. "Pa á. Ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́."

Ọmọ rẹ̀ pa á.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló kù nínú ìyẹn?"

"Mẹ́ta, Màmá."

Màmá gbé aṣọ kan tí wọ́n rán wọ́, ó na apá aṣọ náà síwájú kámẹ́rà. Ohùn rẹ̀ ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Àǹtí Oníkámẹ́rà fi ní láti sún mọ́ ọn. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nígbà tó parí, ó ká tépù kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó yí i jọ, ó sì fi í sínú àpótí abẹ́rẹ́.

Ọmọ rẹ̀ gbé báàgì. Àǹtí Oníkámẹ́rà kò tíì tú kámẹ́rà rẹ̀. "Ẹ dúró," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ." Ó ki káàdì kìíní padà, ó wò ó. Ó ki ìkejì. Ó ki ìkẹta. Kò ṣí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fà á lọ síbi tó kẹ́yìn pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé kámẹ́rà náà sétí ìyá náà.

Ohùn náà há, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló mọ́: "Ẹni tó rán an tí kò gún, kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó rí i pé kò gún, tó wá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí oníbàárà má bàa rí i, òun ni mi ò fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Má sunkún. Tú u. Tún un rán."